Àkùngbá Gún Régé, Ìkàrẹ́ Di Àpótí: Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Ba Orúkọ Wa Jẹ́, àti Ohun tí A Lè Ṣe sí I

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ ìlú mẹ́ta: Ọ̀wọ̀, Àkùngbá, Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá gbéra láti Ọ̀wọ̀, tó dorí kọ ilẹ̀ Àkókó, yóò la Àkùngbá kọjá kí ó tó wọ Ìkàrẹ́. Lórí ilẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú oníkálukú wọn ń rí. Bí ẹ bá tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ìwé kan, tí ẹ sì ń pààrọ̀ fọ́ǹtì rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé orí òmíràn, Àkùngbá yóò gún régé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìkàrẹ́ lè pàdánù lẹ́tà ìparí rẹ̀, kí àpótí òfìfo kan jókòó sí ipò rẹ̀. Ọ̀wọ̀ lè di àpótí méjì tí «w» kan dá wà láàárín wọn.

Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, ìwé kíkọ sì ni mo fi ń jẹun. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń bá ènìyàn tẹ̀wé, gbólóhùn kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: «Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá.» Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá yín sọ̀rọ̀ lórí tábìlì mọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ó sì ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ibi mẹ́ta péré ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti bá a yọ àmì kúrò lára orúkọ.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló ń dá wàhálà sílẹ̀

Kọ̀ǹpútà kì í mọ lẹ́tà bí ojú ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, fọ́ǹtì ló sì ń ya àwòrán tí nọ́ńbà náà dúró fún. Nínú àkójọ ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ló wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pín in. Kò sí àyè fún ohunkóhun tó bá gun orí lẹ́tà tàbí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni èdè Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Márùn-ún nínú wọn kò ní àmì lábẹ́. Bí a bá fi àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí márùn-ún yìí, a ó ní mẹ́wàá: à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ṣàjèjì sí kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Èdè Faransé ń lo è àti é, èdè Sípéènì ń lo á àti ó, èdè Ítálì ń lo ì àti ò. Nítorí tiwọn ni lẹ́tà wọ̀nyí fi wọ inú àkójọ kan tí a ń pè ní ISO 8859-1 ní 1987. Ẹ wá wo «Àkùngbá Àkókó» dáadáa: à, á, ù àti ó nìkan ni lẹ́tà alámì tó wà nínú rẹ̀. Ìlú náà jàǹfààní ohun tí a kò torí rẹ̀ ṣe.

Ẹ, ọ àti ṣ ní tiwọn dúró títí di ìgbà Unicode, àkójọ ńlá tó fẹ́ fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Lónìí, 1EB9 ni nọ́ńbà ẹ, 1ECD ni ti ọ, 1E63 sì ni ti ṣ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú agbo àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni ẹ àti ọ wà nínú àkójọ náà. Àmì abẹ́ lẹ́tà tí àwa fi ń ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, àmì ohùn ni lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam. Wọ́n ń pe ohùn náà ní nặng, ìyẹn ni pé ó wúwo. Ohùn kan ṣoṣo ni sílébù kan lè ní, nítorí náà, lẹ́tà tó bá ti ní àmì abẹ́ kò tún nílò àmì ohùn mìíràn lórí lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ó nílò rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a lè pè ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ńlá wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àjọ Unicode kò sì ní fún wọn, nítorí ìlànà rẹ̀ ni pé lẹ́tà tí a bá ti lè fi ẹyọ méjì tò pọ̀ kò nílò nọ́ńbà tuntun. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń kọ wọ́n: ti ẹ tàbí ọ ni yóò ṣáájú, ti àmì ohùn ni yóò tẹ̀lé e, 0301 fún ohùn òkè, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ fọ́ǹtì ni láti gbé èkejì gun orí èkíní. Fọ́ǹtì tó mọṣẹ́ yóò gbé àmì náà sí àárín gbùngbùn. Èyí tí kò mọṣẹ́ yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà tó fẹ́ já bọ́ lórí ọ̀mùtí.

Ìṣòro yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, irin ni wọ́n ń tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti tẹ̀wé. Lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé kò bá ní irin rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀. Ní 1875, àwọn aṣáájú ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì wà níbẹ̀. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé títí dòní. Láàárín gbogbo àsìkò yìí, taipuráítà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń lò. Wọn a tẹ ìwé náà tán ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, wọn a wá mú bírò, wọn a máa fi ọwọ́ kán àmì sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà olówó iyebíye níwájú bá ń sọ fún wa pé àmì ti pọ̀ jù.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ìyà yìí jẹ. Àwọn ará Ṣáínà kò fi lẹ́tà mẹ́rin jìjàkadì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ìkọ̀wé ni tiwọn. Àkójọ tí ìjọba wọn gbé jáde ní 1980, GB 2312, ní 6,763 irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú. Ní Taiwan, àkójọ mìíràn tó ń jẹ́ Big5 ni wọ́n ń lò, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn mu rárá. Ìwé tí a fi ọ̀kan kọ, tí a wá fi èkejì ṣí, jágbajàgba ni yóò jáde. Àwọn ará Japan, tí ọ̀rọ̀ náà kàn bákan náà, tilẹ̀ ní orúkọ fún irú jágbajàgba bẹ́ẹ̀: mojibake. Nígbà tí Windows XP jáde ní 2001, ẹni tó ra ẹ̀dà elédè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ ka ìwé Ṣáínà lórí rẹ̀, ní láti wọ inú ètò èdè rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un pé òun fẹ́ àwọn èdè Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àpótí lásán ni yóò máa wò.

Lónìí, ọmọ Ṣáínà tó wà ní Èkó lè ṣí kọ̀ǹpútà elédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì ka lẹ́tà ìyá rẹ̀ láìsí wàhálà. Unicode nìkan ti fún àmì ìkọ̀wé wọn ní nọ́ńbà tó lé ní 90,000. Wọn kò gbà kí ẹ̀rọ kọ́ àwọn ní bí àwọn yóò ṣe máa kọ orúkọ; ẹ̀rọ ni wọ́n mú kí ó kọ́ ọ. Bí èdè tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ni yóò dí èdè tí lẹ́tà mẹ́rin ń dà láàmú lọ́wọ́?

«Orúkọ ìyá mi kọ́ nìyẹn»

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni pé ìdílé ló sábà máa ń kàn jù. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, káàdì ìsọmọlórúkọ, ìwé ètò ìsìnkú, orúkọ lára òkúta ibojì: gbogbo wọn ló ń ti orí kọ̀ǹpútà ẹnì kan jáde.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Àkùngbá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí obìnrin kan ń dúró de ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Àwòrán màmá náà rẹwà, òdòdó yí i ká, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ti di àpótí.

«Ẹ má bínú, Mà,» ni ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé wí. «Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká kàn yọ àwọn àmì yẹn. Gbogbo èèyàn á ṣì mọ̀ pé màmá ni.»

Ó yọ wọ́n, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí i. Obìnrin náà wò ó títí. «Orúkọ ìyá mi kọ́ nìyẹn,» ni ó sọ, kò sì pariwo.

Mo yà sí ọmọkùnrin náà lápá kan. «Àbúrò, báwo ni orúkọ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ?»

«Orí WhatsApp ni wọ́n fi ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n.»

«Bá mi ṣí i lórí fóònù ná.»

Ó ṣí i. Orúkọ náà pé pérépéré lórí fóònù, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò yingin. Ọ̀rọ̀ ti yanjú ní ìdajì. Bí lẹ́tà bá pé lórí fóònù, tí ó di àpótí lórí kọ̀ǹpútà, a jẹ́ pé lẹ́tà náà kò sọnù. Fọ́ǹtì tí a wọ̀ fún un lórí kọ̀ǹpútà ni kò ní àwòrán rẹ̀. Fọ́ǹtì alárà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ ni ọmọkùnrin náà lò nítorí ẹwà. A tún orúkọ náà mú láti orí fóònù, a wọ Times New Roman fún un, a fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kù. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Obìnrin náà fi ìka ka lẹ́tà orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó wo ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá bọ́ àmì lára «Ọ̀wọ̀». «Owo» ló kù. Ó lè jẹ́ owó tí a ń ná, ó lè jẹ́ òwò tí a ń ṣe, ó lè jẹ́ ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ó lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà. Ìlú kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Ibi mẹ́ta tí a ó wò

Ibi kìn-ín-ní ni fọ́ǹtì. Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo, tàbí tí àmì ohùn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹ àti ọ nípọn ju àwọn lẹ́tà tó yí wọn ká lọ, fọ́ǹtì lẹ́jọ́. Ti èyí tó nípọn, kọ̀ǹpútà ló lọ yá lẹ́tà náà lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn nítorí pé èyí tí ẹ yàn kò ní in. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Andika wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ SIL ló ṣe wọ́n fún irú èdè bíi tiwa, tó ń gbé àmì lé àmì. Àwọn fọ́ǹtì Noto ti Google náà wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi kejì ni lẹ́tà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Unicode kò tíì tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn wa dá ọgbọ́n kan: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tó ń ya àwòrán ọ sórí nọ́ńbà àmì mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé orí # ni wọ́n yà á sí. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì náà bá wà nítòsí, «ọmọ» ni ẹ ó máa rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìwé náà dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, «#m#» ni yóò kí yín káàbọ̀. Arákùnrin ọgbọ́n yìí ni ti àwọn tó ń fa ìlà sábẹ́ e àti o nínú Word. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí WhatsApp, ìlà yóò dúró sílé. Ojúlówó ẹ, ọ àti ṣ ni kí ẹ máa tẹ̀.

Ibi kẹta ni ọ̀nà tí a gbé ìwé náà gbà. Bí ẹ bá rí «áº¹» níbi tó yẹ kí ẹ wà, tàbí «á¹£» níbi tó yẹ kí ṣ wà, ẹ má bẹ̀rù. Lẹ́tà náà kò kú. UTF-8 ni wọ́n fi gbé e wá, ìyẹn ọ̀nà tí Unicode sábà máa ń gbà rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbà á rò pé ìwé ará Yúróòpù ni, ó sì ka ẹyọ kan sí mẹ́ta. Ẹ tún fáìlì náà ṣí, kí ẹ yan UTF-8. Àwọn tó ń fi Excel kó orúkọ àlejò tàbí ti ọmọ ẹgbẹ́ jọ ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Kí wọ́n yan «CSV UTF-8» nígbà tí wọ́n bá ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bí àmì ìbéèrè ni ẹ bá rí, tí «Ọ̀wọ̀» di «??w??», ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà ti ju lẹ́tà náà nù, ó sì fi àmì ìbéèrè dí àyè rẹ̀. Kò sí fọ́ǹtì tó lè jí i. Ẹ padà lọ sídìí ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àti bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́

Lórí fóònù Android, ẹ ṣí ètò Gboard, kí ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Lórí Windows, ẹ lè fi Yorùbá kún àwọn èdè nínú ètò èdè rẹ̀, kí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá a wá. Nínú Word, ọ̀nà àbùjá kan wà tó máa ń gbà mí lọ́jọ́ tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn: ẹ tẹ 1ECD, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ X. Ọ yóò jáde. Ẹ tẹ 0301 tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún ṣe Alt àti X. Àmì ohùn òkè yóò gun orí rẹ̀. 1EB9 ni ti ẹ, 1E63 ni ti ṣ, 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Fún lẹ́tà ńlá, 1ECC ni Ọ, 1EB8 ni Ẹ, 1E62 ni Ṣ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ sọ ọ́ di PDF láti orí kọ̀ǹpútà yín, nítorí pé PDF sábà máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání bí arìnrìn-àjò tó gbé oúnjẹ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Word ni atẹ̀wé fẹ́, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ níbi tí a ti ń sọ bí a ó ṣe pa ìwé mọ́, kí ẹ ní kí ó di fọ́ǹtì mọ́ fáìlì náà. Kí ẹ sì rí ẹyọ kan kí wọ́n tó tẹ 200.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju orúkọ lọ

Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó ti wà ní Àkùngbá láti 1999. Lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ń lọ jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n ń kọ òwe, oríkì àti ìtàn ìlú sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹnu àgbà kan lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí oríkì kan kù sí. Bí àgbà náà bá sùn, tí fáìlì tí a kọ ọ́ sí sì jẹ́ ti fọ́ǹtì àdábọwọ́ tí kò sí mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni a pàdánù rẹ̀.

Ti Àkókó tilẹ̀ tún le sí i. Ní agbègbè yìí, ẹ̀ka-èdè Yorùbá kọ́ ni gbogbo ìlú ń sọ. Èdè bíi Arigidi, Akpes àti Ukaan wà níbẹ̀, tí wọ́n ní ohùn, tí wọ́n nílò àmì, tí ìwé tí a kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tó nǹkan. Bí ìwé Yorùbá kan bá bàjẹ́, a lè rí òmíràn. Bí ojú ìwé mẹ́wàá ti irú èdè bẹ́ẹ̀ bá di àpótí àti àmì ìbéèrè, ta ni yóò tún un kọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí àwọn fáìlì àtijọ́ tó wà nílé wò lọ́sẹ̀ yìí: iṣẹ́ àṣekágbá yín, oríkì tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, orúkọ àwọn ọmọ tí bàbá kọ pa mọ́. Èyí tó bá wà nínú fọ́ǹtì àdábọwọ́, ẹ tún un tẹ̀ ní lẹ́tà tòótọ́ nígbà tí ẹni tó lè kà á ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ fún un ní gbólóhùn yìí láti tẹ̀ jáde kí ẹ tó san owó: «Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ ní Ìkàrẹ́.» Lẹ́tà mẹ́rin tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jáde láìní àpótí kan, ẹ lè fi orúkọ ìyá yín lé e lọ́wọ́.